Ẹni tó yá ìwé yìí, kí ló tún yá? Ìbéèrè yín lórí kátálọ́ọ̀gù láíbìrì tó ń dábàá ìwé

Nínú èyí tá a gbé jáde kẹ́yìn, a sọ̀rọ̀ kátálọ́ọ̀gù láíbìrì tó wà lórí kọ̀ǹpútà, mo wá ju gbólóhùn kan sí i pé àwọn láíbìrì kan wà nílùú òyìnbó tó jẹ́ pé téèyàn bá ṣí ìwé kan nínú kátálọ́ọ̀gù wọn, á rí i nísàlẹ̀ pé "àwọn tó yá ìwé yìí tún yá èyí àti èyí". Gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn ló kó lẹ́tà jọ fún mi o. Mo ti ṣa díẹ̀ nínú wọn, àwọn tó jọra mo ti pa wọ́n pọ̀, ó yá.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Láíbìrì kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Koha, software tó ń bójú tó iṣẹ́ láíbìrì, la ń lò. Mo ti rí irú nǹkan tẹ́ẹ sọ yẹn lórí Amazon, ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ Amazon lówó, àwa ò lówó. Ṣé irú wa lè ṣe é, àbí ká gbàgbé ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má gbàgbé ẹ̀ o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ Amazon kúrò ńbẹ̀ ná. Òótọ́ ni pé àwọn ló jẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ ọ́n, mẹ́ta nínú àwọn ẹnjiníà wọn, Greg Linden, Brent Smith àti Jeremy York, kọ ọ́ síta lọ́dún 2003 bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ohun tí wọ́n sọ ò sì le rárá: dípò kí kọ̀ǹpútà máa wá èèyàn tó jọ ẹ́ kiri, ìwé tó ń bá ìwé rìn ni kó máa wá, kó sì ti ṣe é sílẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Àmọ́ kí wọ́n tó kọ yẹn, láíbìrì yunifásítì Karlsruhe ní Jámánì ti gbé tiwọn sórí kátálọ́ọ̀gù láti 2002, Andreas Geyer-Schulz àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣèwádìí ló ṣe é, òun ló padà di BibTip tí láíbìrì mí-ìn náà wá ń lò. Ní England, Dave Pattern tó ń ṣiṣẹ́ ní láíbìrì yunifásítì Huddersfield gbé tiẹ̀ jáde ní 2005, àkọsílẹ̀ ìwé yíyá tó wà nílẹ̀ ló fi ṣe é, kò ra nǹkan kan. Huddersfield kì í ṣe Oxford o.

Koha tẹ́ẹ̀ ń lò yẹn gan-an, ṣé ẹ mọ̀ pé láíbìrì agbègbè kékeré kan ní New Zealand, Horowhenua, ló ní kí wọ́n bá òun kọ ọ́ ní 1999, torí pé software tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ ò ní lè bá wọn wọ 2000, nígbà tí wọ́n sì kọ ọ́ tán wọ́n fi lé gbogbo ayé lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Torí náà ẹni tí ò lówó ló bẹ̀rẹ̀ nǹkan yẹn látìbẹ̀rẹ̀.

Ohun tẹ́ẹ nílò ti wà nínú ẹ̀. Gbogbo ìwé tó wà níta lọ́wọ́ èèyàn báyìí, inú tábìlì kan tó ń jẹ́ issues ló wà, tí wọ́n bá ti dá a padà, Koha á gbé e lọ sínú old_issues, á sì wà níbẹ̀ lọ́dọọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún wò ó. Nọ́ńbà ẹni tó yá a, nọ́ńbà ìwé, ọjọ́ tó yá a, ọjọ́ tó dá a padà. Ọ̀pọ̀ láíbìrì wa ò fi nǹkan yìí ṣe ju pé kí wọ́n ka iye ìwé tó jáde lóṣù fi kọ rípọ́ọ̀tù fún ọ̀gá àgbà, àánú ẹ̀ sì máa ń ṣe mí, torí ohun tó wà níbẹ̀ ju òǹkà lọ, àwọn tó ń kàwé lódindi ọdún ló ń tọ́ka ìwé síra wọn níbẹ̀ tí wọn ò sì mọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ ǹ lẹ́ o sà. Ọdún tí mo máa jáde ni mo wà yìí, ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, yunifásítì kan l'Ákùúrẹ́, nǹkan yìí ni mo sì fẹ́ fi ṣe projẹ́ẹ̀tì. Mo ti gba dátà lọ́wọ́ láíbìrì, mo ka iye ìgbà tí ìwé méjì pàdé lọ́wọ́ ẹnì kan náà, àmọ́ ìwé ìtumọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan ló ń yọjú síbi gbogbo! Mo ṣí ìwé ẹ̀rọ, òun. Mo ṣí ìwé iṣẹ́ àgbẹ̀, òun. Kí ni mo ṣì ṣe?

Ìdáhùn: O ò ṣi nǹkan kan ṣe, àbúrò, ibi tí gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀ lo wà. Tó o bá lọ sọ́jà lọ bi ìyá ẹlẹ́lùbọ́ pé kí làwọn oníbàárà òun tún máa ń rà, á ní iyọ̀. Kò purọ́. Àmọ́ ẹni tó ra ìrẹsì náà ra iyọ̀, ẹni tó ra ẹja náà ra iyọ̀, iyọ̀ ò sọ nǹkan kan fún wa nípa àmàlà, ewédú ló ń sọ ọ́. Ìwé ìtumọ̀ ẹ yẹn, iyọ̀ ni.

Wò ó báyìí. Ká ní àwọn tó ń yá ìwé ní láíbìrì yín jẹ́ 10,000. Ìwé kan wà lórí bí wọ́n ṣe ń bomi rin oko, èèyàn 50 ló ti yá a. Ìwé ìtumọ̀ yẹn, èèyàn 4,000 ló ti yá a. Nínú àwọn 50 tó yá ìwé oko, 25 ló yá ìwé ìtumọ̀, ó pọ̀ lójú, àbí? Àmọ́ 4,000 nínú 10,000, ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn, ìyẹn ni pé tó o bá kàn na ọwọ́ ṣa èèyàn 50 èyíkéyìí, bí 20 nínú wọn á ti yá ìwé ìtumọ̀ náà rí. O rí 25, ó yẹ kó o retí 20, kò sí nǹkan níbẹ̀. Wá mú ìwé kejì, ìwé erùpẹ̀ oko, èèyàn 60 péré ló ti yá a, àmọ́ 12 nínú wọn wà lára àwọn 50 tiwa. Tó bá jẹ́ èèṣì ni, 50 lọ́nà 60, pín in sí 10,000, 0.3 ló yẹ kó o rí, èèyàn kan ò tiẹ̀ pé. 12 lo wá rí. Ìlọ́po 40 nìyẹn. Òun ni kó o gbé sókè, kí ìwé ìtumọ̀ lọ jókòó.

Má tíì yọ̀ ṣá o, ìṣirò yìí náà ní àrùn tiẹ̀. Mú ìwé tí èèyàn méjì péré ti yá, mú òmíràn tí èèyàn méjì péré ti yá, kí ẹnì kan ṣoṣo wà nínú méjèèjì, ìlọ́po tó máa já sí ni 2,500. Ó ju ti ìwé erùpẹ̀ lọ fíìfíì! Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ló kàn gbé ìwé méjì lọ́jọ́ kan, bóyá ọ̀kan tiẹ̀ jẹ́ ti bùrọ̀dá ẹ̀. Torí náà wá ibi kan tó o máa fàlà sí, pé tí èèyàn tó yá ìwé méjèèjì ò bá tó mẹ́ta, tàbí márùn-ún tí dátà yín bá pọ̀, kó o má gbé e síta.

Àwọn ará Karlsruhe ò kàn fàlà síbì kan lásán, tiwọn jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tó o bá fẹ́ kí supervisor ẹ gbà fún ẹ, ibẹ̀ ni kó o lọ kà. Wọ́n mú ìmọ̀ Andrew Ehrenberg, ẹni tó ti ń kọ̀wé láti 1959 lórí bí àwọn èèyàn ṣe ń padà wá ra ọjà kan náà. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo àwọn ìwé tí wọ́n ṣí pẹ̀lú ẹ̀ nínú session kan náà lórí kátálọ́ọ̀gù, ìyẹn ìgbà kan tí ẹnì kan jókòó wá ìwé. Èyí tó pọ̀ jù á pàdé ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó kéré sí i lẹ́ẹ̀mejì, èyí tó tún kéré sí i lẹ́ẹ̀mẹta, bó ṣe ń dínkù lọ yẹn ní ìrísí kan tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti mọ̀, tó bá jẹ́ pé èèṣì nìkan ló ń da ìwé pọ̀. Ìwé tó bá wá pàdé ẹ̀ ju ibi tí ìrísí yẹn lè gbé e dé lọ, òun ni wọ́n máa fi hàn.

Kó o tó ṣe gbogbo ìyẹn, fọ dátà ẹ. Nínú Koha, nọ́ńbà ẹ̀dà ìwé ló wà nínú old_issues, kì í ṣe nọ́ńbà ìwé fúnra ẹ̀, ẹ̀dà márùn-ún ìwé kan á máa ṣe bí ìwé márùn-ún, fi tábìlì items so ó mọ́ biblionumber, ìyẹn nọ́ńbà ìwé fúnra ẹ̀, kó di ọ̀kan. Èkejì, wá kádì tí wọ́n fi ń yá ìwé fún gbogbo kíláàsì tàbí fún ẹ̀ka kan lódindi, ó máa ń wà. Sítúdẹ́ǹtì tó yá ìwé 10, méjì-méjì tó máa jáde lára ẹ̀ jẹ́ 45, kádì tó ti yá ìwé 800, méjì-méjì tiẹ̀ jẹ́ 319,600, kádì kan péré á ba gbogbo iṣẹ́ ẹ jẹ́. Yọ ọ́. Kó o sì wo ọjọ́: ìwé GST, kọ́ọ̀sì tí gbogbo ẹ̀ka jọ ń ṣe, tí èèyàn yá ní 100 level àti ìwé projẹ́ẹ̀tì tó yá ní 400 level, kí ló pa wọ́n pọ̀? Inú sẹ́mẹ́sítà kan náà ni kó o ti máa kà wọ́n mọ́ra.

Ìbéèrè: Ẹ ń sọ̀rọ̀ ìwé yíyá, ìwé yíyá. Láíbìrì tèmi níbí l'Abẹ́òkúta, sítúdẹ́ǹtì kì í yá ìwé! Wọ́n á fà á yọ lórí ṣẹ́ẹ̀fù, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á fi fóònù ya ojú ewé tí wọ́n fẹ́, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Àwọn ìwé tí wọ́n ń lò jù tiẹ̀ wà ní reserve, wọn ò gbọ́dọ̀ gbé e jáde. Tí mo bá wo Koha wa, bíi pé ẹnikẹ́ni ò kàwé ni.

Ìdáhùn: Lẹ́tà yìí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, torí òun ló sọ bí nǹkan ṣe rí lọ́dọ̀ wa gan-an, àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé lórí nǹkan yìí ò fi bẹ́ẹ̀ ronú kàn án. Tá a bá mú ọgbọ́n Huddersfield bó ṣe wà wá síbi tí ẹ wà, ìwé tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yá ò ní yọjú láéláé, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n ń lò jù.

Koha ní ibi tí wọ́n ti ń ka èyí tí wọ́n lò nínú ilé. Ẹ lè dá oníbàárà kan sílẹ̀ tí kì í ṣe èèyàn, wọ́n ń pè é ní statistical patron, tó bá dalẹ́ tẹ́ẹ bá ń kó ìwé lórí tábìlì, kẹ́ẹ scan wọn sí i lára, ìwé náà ò ní jáde lórúkọ ẹnikẹ́ni, àmọ́ Koha á kọ ọ́ sínú statistics pé wọ́n lò ó lónìí. Ẹ lè tún ṣètò ẹ̀ kó jẹ́ pé tẹ́ẹ bá scan ìwé tí ò jáde bíi pé ẹ̀ ń gbà á padà, á ka ìyẹn náà. Ẹ bẹ àwọn sítúdẹ́ǹtì kí wọ́n má dá ìwé padà sórí ṣẹ́ẹ̀fù fúnra wọn, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara tábìlì. Láàárín sẹ́mẹ́sítà kan ẹ ó ti mọ ìwé tó yẹ kẹ́ẹ ra ẹ̀dà ẹ̀ kún un, ìyẹn nìkan tó iṣẹ́.

Àmọ́ ẹ má rò pé ẹ ti dé ibi tá à ń lọ. Òǹkà yẹn á sọ ìwé tí wọ́n ń lò, kò ní sọ ìwé tó ń bá ìwé rìn, torí oníbàárà kan ṣoṣo tí kì í ṣe èèyàn yẹn ló "yá" gbogbo wọn. Fún ìyẹn, ẹ lọ síbi tí Karlsruhe lọ, ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣí lórí kátálọ́ọ̀gù. Gbogbo ìgbà tí ẹnì kan bá ṣí ojú ewé ìwé kan lórí OPAC Koha, ìyẹn kátálọ́ọ̀gù tí gbogbo èèyàn ń rí, server á kọ ìlà kan sínú log ẹ̀, ìyẹn fáìlì tó ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, ẹ ó rí opac-detail.pl níbẹ̀ àti nọ́ńbà ìwé náà. Ẹni tó ṣí ìwé mẹ́rin léra wọn láàárín ogún ìṣẹ́jú, ó ń wá nǹkan kan, ìwé mẹ́rin yẹn sì jọ ń dáhùn ẹ̀. Kò ní láti yá ọ̀kankan.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Ìdajì ìlà tó wà nínú log yín lè má jẹ́ ti èèyàn rárá, Googlebot àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, ìyẹn àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tó ń ka íntánẹ́ẹ̀tì, máa ń rìn kiri kátálọ́ọ̀gù tọ̀sán-tòru láti ìwé kìíní dé ìkẹyìn, tẹ́ẹ bá kà wọ́n mọ́ èèyàn, ìwé tí nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra ni kọ̀ǹpútà máa sọ pé wọ́n jọ ń rìn, ẹ yọ wọ́n dànù kẹ́ẹ tó ka ohunkóhun. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe kátálọ́ọ̀gù náà. Ẹ má sì fi IP, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ fi ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, dá èèyàn mọ̀, torí Wi-Fi yunifásítì lè kó igba fóònù sábẹ́ IP kan ṣoṣo, cookie session, àmì tí kátálọ́ọ̀gù ń fi sára ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ni kẹ́ẹ lò. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú láíbìrì tí gbogbo èèyàn ń tò lé lórí, ẹ jẹ́ kí session ibẹ̀ máa kú kíákíá tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìwé ẹni tó dìde á máa wọ́ mọ́ ìwé ẹni tó jókòó.

Tí dátà yín bá ṣì kéré lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ẹ wá láíbìrì mí-ìn kẹ́ẹ pa á pọ̀. Wọ́n ti ṣe é rí, bX, ètò ìdábàá tí iléeṣẹ́ Ex Libris gbé jáde ní 2009, látinú log ọ̀pọ̀ yunifásítì lápapọ̀ ló ti ń rí ohun tó ń dábàá, àròkọ inú jọ́nà ni tiẹ̀ ń dábàá, kì í ṣe ìwé, ìwádìí tí Johan Bollen àti Herbert Van de Sompel ṣe ní Los Alamos, Amẹ́ríkà, ló ti wá. Ohun tó máa dà yín láàmú tẹ́ẹ bá fẹ́ pa á pọ̀ ni bẹ́ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìwé tiyín àti ìwé tiwọn jẹ́ ìwé kan náà. ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sára ìwé, ló yẹ kó ṣe ìyẹn, National Library of Nigeria ló ń fún àwọn tó ń tẹ̀wé nílẹ̀ yìí, àmọ́ 1970 ni wọ́n fọwọ́ sí ISBN káríayé, àwọn ìwé Yorùbá àtijọ́ tó ti jáde ṣáájú ìgbà yẹn ò ní. Ẹ wá padà sórí àkọlé, ẹ rí i pé láíbìrì kan fi àmì sórí ẹ̀, èkejì ò fi sí i, ẹ̀kẹta fi àmì ohùn sílẹ̀ ó wá fi ti abẹ́ ọ àti ẹ nìkan sí i, ìwé kan ṣoṣo ti pín sí mẹ́ta, òǹkà ẹ̀ náà sì pín sí mẹ́ta. Kẹ́ẹ tó fi àkọlé wé àkọlé, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bó gbogbo àmì kúrò lára méjèèjì. Láàárín kọ̀ǹpútà nìkan o! Lójú kátálọ́ọ̀gù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì síbẹ̀.

Ìbéèrè: Nọ́ọ̀sì ni mí, Èkó ni mò ń gbé. Ìwé tí mo bá yá, ọ̀rọ̀ èmi àti Ọlọ́run mi ni. Tí mo bá yá ìwé lórí HIV, tàbí lórí bí èèyàn ṣe ń kọ ọkọ sílẹ̀, mi ò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà kankan máa fi mí ṣe àpẹẹrẹ fáwọn èèyàn o.

Ìdáhùn: Ẹ̀rù tó ń bà yín yẹn, ó yẹ kó bà yín, mà. Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí ná: nǹkan yìí ò nílò orúkọ yín, kò tiẹ̀ nílò láti mọ̀ pé ẹ wà. Ohun tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ni pé ìwé A àti ìwé B jọ wà lọ́wọ́ ẹnì kan, tó bá ti ka ìyẹn tán, iṣẹ́ ẹni yẹn ti parí. Ti Karlsruhe, session ni wọ́n ń kà, wọn ò bi ẹnikẹ́ni pé ta ni ẹ́. Huddersfield ní December 2008 kó àkọsílẹ̀ ìwé yíyá ọdún 13 síta fún gbogbo ayé, bíi mílíọ̀nù mẹ́ta ìgbà tí ìwé jáde, àkọlé tó tó 80,000, ẹnikẹ́ni ò lè fi wá ẹnì kan jáde níbẹ̀, torí wọ́n ti kó o pọ̀ di òǹkà ìwé kí wọ́n tó gbé e sílẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn kàn yọ orúkọ, kó fi nọ́ńbà rọ́pò ẹ̀, kó wá ní ó ti tán. Kò tíì tán o! Ní 2006, AOL, iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Amẹ́ríkà, kó ohun tí bíi 650,000 oníbàárà wọn ti wá lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín oṣù mẹ́ta síta, nọ́ńbà ni wọ́n fi rọ́pò orúkọ, kò pẹ́ rárá tí àwọn oníròyìn New York Times fi wá obìnrin kan jáde látinú ohun tó ń wá nìkan, wọ́n lọ bá a nílé. Ìwé tí èèyàn yá lọ́dún mẹ́rin, tẹ́ẹ bá tò wọ́n léra, ó ju orúkọ lọ.

Torí náà ohun tó yẹ kẹ́ẹ bi láíbìrì yín nìyí: ṣé ẹ ń pa nọ́ńbà mi mọ́ lẹ́yìn tí mo ti dá ìwé padà? Koha ní ètò tó ń bọ́ nọ́ńbà èèyàn kúrò lára ìwé tó ti padà wálé, ẹ̀yin láíbìréríàn tẹ́ẹ̀ ń ka èyí, ẹ ka méjì-méjì yín jáde ná lópin sẹ́mẹ́sítà, kẹ́ẹ wá jẹ́ kó bọ́ ọ, torí tẹ́ẹ bá bọ́ ọ ṣáájú, kò sí ohun tẹ́ẹ máa kà mọ́. Ẹ sì rántí pé tábìlì statistics náà ń gbé nọ́ńbà èèyàn, ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé ìyẹn. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 sọ pé dátà téèyàn gbà fún iṣẹ́ kan, kò gbọ́dọ̀ kàn gbé e lọ ṣe nǹkan mí-ìn tí ò bá a mu, ọ̀rọ̀ ìlera sì wà lára èyí tí òfin náà ṣọ́ jù, torí náà ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri pé ohun tẹ́ẹ ń fi ìwé yíyá ṣe rèé, kẹ́ni tí ò bá fẹ́ lè sọ pé òun ò fẹ́. Àlà tí mo ní kí àbúrò wa l'Ákùúrẹ́ fà lẹ́ẹ̀kan náà ń ṣiṣẹ́ níbí. Tí ẹnì kan ṣoṣo bá wà nídìí ìwé méjì, tó sì yọ síta, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè dá a mọ̀.

Ní Connecticut, Amẹ́ríkà, lọ́dún 2005, FBI fi lẹ́tà bèèrè àkọsílẹ̀ kọ̀ǹpútà láíbìrì, wọ́n tún ní kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni, láíbìréríàn mẹ́rin kọ̀ jálẹ̀, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù, ọdún kejì FBI fúnra ẹ̀ jọ̀wọ́ ẹ̀. Ìwà yẹn wù mí. Àmọ́ àkọsílẹ̀ tí ò sí nílẹ̀, kò sẹ́ni tó máa wá bèèrè ẹ̀.

Ìbéèrè: Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì kan ní Ilé-Ifẹ̀. Ṣé nǹkan yìí ò ní sọ gbogbo èèyàn di òǹkàwé ìwé mẹ́wàá kan náà? Ìwé tó ti lókìkí ló máa tún lókìkí sí i.

Ìdáhùn: Tẹ́ẹ bá ka òǹkà lásán, bẹ́ẹ̀ ló máa rí, ọ̀gá. Tẹ́ẹ bá lo ìlọ́po tí mo ṣàlàyé lókè yẹn, ìwé tí gbogbo èèyàn ń yá gan-an ni ìṣirò ń tì sẹ́yìn. Àti pé ẹ wo bó ṣe wà láìsí kọ̀ǹpútà. Richard Trueswell ti sọ ní 1969 pé nínú ọgọ́rùn-ún, bí ìdá 20 ìwé inú láíbìrì ló ń kó ìdá 80 ìwé yíyá, ìwádìí yunifásítì Pittsburgh tó jáde ní 1979 rí i pé nínú ìwé tí wọ́n rà ní 1969, bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnikẹ́ni ò yá láàárín ọdún mẹ́fà tó tẹ̀ lé e. Orí ṣẹ́ẹ̀fù lásán ni wọ́n wà. Dave Pattern fi hàn pé lẹ́yìn tí wọ́n gbé ìdábàá sórí kátálọ́ọ̀gù Huddersfield, oríṣiríṣi àkọlé tó ń jáde níbẹ̀ pọ̀ sí i, mi ò ní torí ìyẹn sọ pé ìdábàá nìkan ló fà á, wọ́n tún nǹkan mí-ìn náà ṣe lórí kátálọ́ọ̀gù yẹn. Àwọn ará Manchester ní 2011 tiẹ̀ torí ìwé tó fara sin yìí gan-an bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n pè ní SALT, ọdún mẹ́wàá ìwé yíyá láíbìrì John Rylands ni wọ́n fi ṣe é.

Ohun tó yẹ kó dùn yín, ẹ̀yin olùkọ́, yàtọ̀ sí ìyẹn. Ìwé tẹ́ẹ kọ síwájú kíláàsì pé kí wọ́n lọ kà, gbogbo kíláàsì á yá a papọ̀, kátálọ́ọ̀gù á wá máa dá list yín padà fún yín bíi pé òun ló rí i. Fún ọmọ 100 level ó wúlò, fún ẹni tó ń ṣe PhD kò wúlò rárá. Ẹ ní kí wọ́n ya ìwé yíyá àwọn olùkọ́ àti postgraduate sọ́tọ̀ kí wọ́n ṣírò ẹ̀ lọ́tọ̀, ẹ ó rí i bó ṣe máa yàtọ̀, tí wọ́n bá ṣáà tó nǹkan tí kò ní tú èèyàn síta.

Ìbéèrè: Kí ló dé tẹ́ẹ̀ ń yọ ara yín lẹ́nu, ṣé ChatGPT ò lè dábàá ìwé ni?

Ìdáhùn: Ó lè dábàá. Kò mọ èyí tó wà lórí ṣẹ́ẹ̀fù yín, ó sì lè pe orúkọ ìwé tẹ́nikẹ́ni ò kọ rí. Ó tán.

Ìbéèrè: Ẹ kú ilé o. London la wà, láíbìrì àdúgbò wa ní ìwé Yorùbá díẹ̀ fáwọn ọmọdé. Ìwé òyìnbó tí ọmọ mi bá yá, kátálọ́ọ̀gù á dábàá mẹ́fà sí i. Ìwé Yorùbá, òfo! Ṣé wọ́n kórìíra wa ni?

Ìdáhùn: Wọn ò kórìíra yín, dátà ni ò sí. Ìwé tí èèyàn mẹ́ta ò tíì yá, kò sí ohun tí ìṣirò lè sọ nípa ẹ̀, bákan náà ló rí fún ìwé tuntun tó dé lánàá. Ohun tó yẹ kí kátálọ́ọ̀gù ṣe nígbà yẹn ni kó padà sórí ohun tí láíbìréríàn ti kọ sára ìwé, nọ́ńbà ṣẹ́ẹ̀fù. Nínú Dewey, ètò nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ láíbìrì fi ń to ìwé, 496.333 ni èdè Yorùbá, nínú ètò ti Library of Congress, PL8821 ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ nọ́ńbà Dewey yẹn sínú kátálọ́ọ̀gù yín, ẹ lè rí ìwé tẹ́ẹ ò mọ̀ pé wọ́n ní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn láíbìrì kan máa ń kó ìwé ọmọdé sọ́tọ̀ láìfún un ní nọ́ńbà. Kẹ́yin àtàwọn ọ̀rẹ́ yín wá máa yá wọn. Tí ìdílé mẹ́rin bá ń yá ìwé ọmọdé Yorùbá mẹ́ta kan náà, kọ̀ǹpútà á bẹ̀rẹ̀ sí í rí wọn.

Ìbéèrè: Èmi ará Ọ̀yọ́ tó kọ́kọ́ kọ̀wé náà ni, mo tún ní ọ̀kan. Ṣé a máa ra server tuntun? Iná tiwa náà, ẹ mọ̀ bó ṣe rí.

Ìdáhùn: Ẹ má ra nǹkan kan. Ìdábàá kì í ṣe nǹkan tó gbọ́dọ̀ yí padà ní wákàtí-wákàtí, láíbìrì tó ní 20,000 àkọlé, laptop kan tó dáa á ṣírò ẹ̀ tán kẹ́ẹ tó jẹun ọ̀sán tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù pàápàá ti tó. Ohun tó máa jáde ò ju tábìlì kan lọ, biblionumber ìwé kan lápá òsì, biblionumber márùn-ún lápá ọ̀tún. Ẹ gbé fáìlì yẹn sórí server tí Koha wà, kẹ́ni tó mọ JavaScript díẹ̀ kọ ìlà mélòó kan sínú OPACUserJS, àyè tí Koha fi sílẹ̀ fún irú ẹ̀, tó máa wo nọ́ńbà ìwé tó wà lójú, kó sì gbé márùn-ún náà sísàlẹ̀. Tí iná bá lọ, fáìlì náà ò sá lọ síbì kan. Kẹ́ẹ tó ṣí i fáwọn sítúdẹ́ǹtì, ẹ tẹ ogún ìwé tí wọ́n ń yá jù pẹ̀lú ìdábàá abẹ́ wọn sórí bébà, kẹ́ẹ fún àwọn tó ń jókòó ní kọ́ńtà láti ọjọ́ pípẹ́ kí wọ́n fi bírò pa èyí tó bá ya wẹ̀rẹ̀ rẹ́. Wọ́n á rí kádì ẹ̀ka tẹ́ẹ gbàgbé láti yọ kíákíá ju kọ̀ǹpútà lọ.